Adìẹ Tí Omi Òkun Ò Kàn

Ìyàwó Onígéètì ló kọ́kọ́ rí i. Àárọ̀ ni, ilẹ̀ ti mọ́ kedere. Ó gbé fúláàsì tíì dání, ó ń lọ bá ọkọ ẹ̀ lórí odi òkun bó ṣe máa ń lọ. Kó tó dé ìdí odi ló ti ń gbọ́ ariwo kan tí etí ẹ̀ ò mọ̀. Ariwo òkun tó wà lẹ́yìn odi dà bí ìgbà tí ọkọ ẹni bá ń hanrun, tó bá pẹ́ èèyàn ò ní gbọ́ ọ mọ́. Èyí yàtọ̀. Omi tó ti wọlé ni, ó ń hó yeee. Ó bojú wo Ìsàlẹ̀, àdúgbò tó wà nídìí odi, ó rí i pé ojú ọ̀nà ti di odò, bẹ́ńṣì iléèwé ń léfòó lórí ẹ̀ bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ.

Ó sáré gun àtẹ̀gùn. Ilẹ̀kùn ilé kékeré tí wọ́n ti ń ṣọ́ géètì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ọkọ ẹ̀ nà gbalaja sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lórí, òòlù igi kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Géètì irin tó yẹ kó wà ní títì gbọn-in ti gbéra nílẹ̀. Fúláàsì bọ́, ó fọ́, igbe ta.

Ẹnikẹ́ni ò kú o, ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí ọkàn yín balẹ̀. Onígéètì ṣì ń mí. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, àmọ́ kò lajú, kò sì sọ̀rọ̀. Àwọn ará Ìsàlẹ̀ gun tábìlì, àwọn míì gun òrùlé, wọ́n ń pe orúkọ ọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí gbogbo wọn fi pé. Dúkìá lọ, ẹ̀mí ò lọ.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Erékùṣù ni ìlú náà. Òkun ló yí i ká, òkun náà ló sì ń jẹ ẹ́ bí ìgbà tí ọmọdé bá ń jẹ búrẹ́dì láti etí wá sáàárín. Lọ́dọọdún ló ń sún mọ́lé. Ilé tó wà níwájú jù nígbà kan, àfi tí òkun bá fà kẹ́ ẹ tó lè rí ìpìlẹ̀ ẹ̀. Ìjọba wá mọ odi, wọ́n fi géètì irin sí i lójú kan kí omi òjò lè rí ibi jáde, kí ọkọ̀ apẹja sì lè kọjá. Ìlò ẹ̀ ò le: tí òkun bá ń fà, wọ́n á ṣí i, tí òkun bá ń kún, wọ́n á tì í. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé odi nìkan ò tó, wọ́n kọ́ ilé tuntun sórí òkè, wọ́n ní kí gbogbo ará Ìsàlẹ̀ kó lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá gbà, kó tẹ̀ka.

Ibẹ̀ nìjà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní ikú ló kù ní Ìsàlẹ̀. Àwọn kan ní kí lapẹja fẹ́ máa ṣe lórí òkè, ṣé kó máa fi àwọ̀n kó aláǹgbá ni? Bàbá kan tí wọ́n ń pè ní Kanọkọ̀, torí ọkọ̀ ló ń kàn, ló ṣáájú àwọn tó ní àwọn ò lọ. Níbi ìpàdé tó kọjá, ó dìde, ó nàka sí odi, ó ní, "Tẹ́ ò bá gbọ́ tiwa, ọwọ́ èmi yìí ni màá fi ṣí géètì yẹn!" Gbogbo ìlú ló gbọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ tí omi wọlé yìí gan-an ni ìpàdé ìkẹyìn. Òṣìṣẹ́ ìjọba ti gbé ìńkì wá láti ìlú ńlá. Tí Ìsàlẹ̀ ò bá tẹ̀ka lọ́jọ́ náà, ilé orí òkè á di ti erékùṣù míì.

Ẹ ò wá ní bi mí léèrè ẹni tí Sájẹ́ǹtì, ọlọ́pàá ìlú náà, lọ mú láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ìnsípẹ́kítọ̀ tí wọ́n rán wá bá ọkọ̀ ojú omi dé kí oòrùn tó le. Obìnrin ni, ó sanra díẹ̀, kò ga, ó bọ́ bàtà ẹ̀ sọ́wọ́ kan, ó gbé báàgì sí ọwọ́ kejì. Má-kánjú ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, òun náà sì mọ̀. Ó máa ń sọ pé ẹni tó bá kánjú mú olè, oní-nǹkan ló máa mú.

Sájẹ́ǹtì fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ó kí i bí ọlọ́pàá ṣe ń kí ọ̀gá.

"Màdáámù, ẹ káàbọ̀. Ẹ ò tiẹ̀ níláti da ara yín láàmú. Ẹjọ́ ti parí. Ọkùnrin náà ti wà ní àgọ́."

"Ọkùnrin wo?"

"Kanọkọ̀ ni, Mà. Òòlù ẹ̀ la bá nílẹ̀ níbẹ̀. Òun náà ló sì fẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun máa ṣí géètì. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

"Òdodo ọ̀rọ̀. Mú mi lọ síbi tí àjẹ́ ti ké."

Nínú ilé géètì, Má-kánjú rọra ń wò káàkiri. Ó ń tẹ ilẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó gbé òòlù sókè, ó yí i po. Igi ni láti òkè délẹ̀. Ọ̀dà dúdú lẹ̀ mọ́ ojú ẹ̀, fọ́nrán òwú wà nínú ọ̀dà náà, irú èyí tí wọ́n fi ń dí àlàfo pákó ọkọ̀ kí omi má bàa wọ̀ ọ́. Kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan lára ẹ̀. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ wà ni etí irin tó gbé wíìlì tí wọ́n fi ń ṣí géètì dúró, nísàlẹ̀ pátápátá, ewéko òkun sì ti jẹ́ kí ilẹ̀ ibẹ̀ máa yọ̀ bí ọṣẹ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ó rí èèkàn igi wẹ́wẹ́ tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá há ojú ibi tó ń jò.

"Irin wo nìyí?" Ó na ọwọ́ sí irin pélébé kan tó wà lábẹ́ bẹ́ńṣì.

"Òun ló ń há wíìlì, Mà. Tẹ́ ò bá yọ ọ́, wíìlì ò lè yí. Onígéètì ní ọwọ́ tó fi ń yọ ọ́ pẹ̀lẹ́. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí gbá a yọ ni."

Má-kánjú gbé e sójú oòrùn. Ara irin náà ti dípẹtà, àmọ́ ojú ibi tí wọ́n ti gbá a ń dán gbinrin, ó jin sínú, ọ̀dà pupa bíńtín sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ó fi áńkáṣíìfù wé e.

"Ta ló ti géètì pa dà?"

"Èmi ni, èmi àti àwọn géńdé méjì kan. Omi ń tì í, ó le koko. Àmọ́ kò pẹ́ tó fi tì, torí kò ṣí púpọ̀."

"Kò ṣí púpọ̀?"

"Díẹ̀ báyìí ni, Mà. Ọmọ ajá lè gbabẹ̀."

"Sájẹ́ǹtì, tó o bá fẹ́ pa ọ̀tá ẹ lẹ́kún, ṣé díẹ̀ lo máa ṣí i?"

Sájẹ́ǹtì họ orí. Kò tíì rò ó débẹ̀.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ti fi ṣẹkẹṣẹkẹ de Kanọkọ̀ mọ́ bẹ́ńṣì. Ọwọ́ ẹ̀ dúdú fún ọ̀dà, ṣòkòtò ẹ̀ ṣì ń kán tótó.

"Bàbá, ẹ kú ìjókòó o."

"Ìjókòó wo? Bí wọ́n ṣe ń jókòó níbi tẹ́ ẹ ti wá nìyí? Kẹ́ ẹ wá bọ́ nǹkan yìí lọ́wọ́ mi ná, kí n jókòó kẹ́ ẹ rí i."

Má-kánjú ní kí Sájẹ́ǹtì tú u. Sájẹ́ǹtì fajú ro, ó tú u.

"Wọ́n lẹ́ ẹ ní ẹ máa ṣí géètì."

"Mo sọ ọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tèmi ti fọ́ sí mi láṣọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ rò ó. Kí ọkọ̀ lè jáde ni mo ṣe fẹ́ kí wọ́n ṣí i, torí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń tì í mọ́ wa bí ẹran. Ìgbà tí òkun bá ń fà lọkọ̀ ń jáde! Ta ni yóò ṣí i nígbà tí òkun ń kún, tí atẹ́gùn sì ń tì í lẹ́yìn? Ṣé mo dà bíi wèrè lójú yín ni?"

"Òòlù yín ńkọ́?"

"Onígéètì ló yá a lọ́wọ́ mi. Ó ní géètì ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fẹ́ fi èèkàn há a."

"Ta ló wà níbẹ̀?"

"Èmi àti òun. Òun ló sì ń sùn lọ́sibítù yẹn. Ẹ lọ jí i kó wá jẹ́rìí."

"Bí ẹ bá jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n lónìí, kí ló máa ṣẹlẹ̀ níbi ìpàdé?"

Ibí yìí ni ohùn bàbá náà ti wálẹ̀. "Wọ́n á tẹ̀ka. Aṣọ wọn tutù, ọmọ wọn ń gbọ̀n, ẹni tó lè bá wọn bi ìjọba ní ìbéèrè wà látìmọ́lé. Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe? Wọ́n á tẹ̀ka sí ohunkóhun. Tó bá sì di ọ̀la, ẹ ò ní rí ẹnì kankan tó máa bèèrè ibi tí apẹja máa so ọkọ̀ mọ́ lórí òkè."

"Ọkọ̀ tẹ́ ẹ ń kàn lọ́wọ́ ńkọ́, Bàbá?"

Kanọkọ̀ ń yọ ọ̀dà lábẹ́ èékánná ẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Ọmọ mi obìnrin ni mo ń kàn án fún, kó lè máa fi kó ọmọ iléèwé. Ó ku kí n dí i lójú. Ẹ lọ wò ó. Ó wà lára ògiri iléèwé, ọ̀tọ̀ ni iwájú, ọ̀tọ̀ ni ẹ̀yìn."

Bí wọ́n ṣe jáde, Sájẹ́ǹtì ní, "Mà, ó lè jẹ́ pé ó gbàgbé pé ọkọ̀ òun wà níbẹ̀ ni."

"Ìwọ lo mú òwe àjẹ́ wá," Má-kánjú dá a lóhùn. "Àjẹ́ wo ló ń gbàgbé ọmọ tiẹ̀ sẹ́nu iṣẹ́?"

Ọ́fíìsì Alága tó ń rí sí ọ̀rọ̀ kíkólọ yìí wà lórí òkè, nínú ọ̀kan nínú àwọn ilé tuntun náà. Ó mọ́ tónítóní, ó ń rùn fún ọ̀dà ògiri. Kọ́kọ́rọ́ ilé so rọ̀ lórí ìṣó lára ògiri, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń retí ẹni tó máa mú un. Ọ̀pá irin kan tí wọ́n kùn ní pupa ní ìpele-ìpele fara ti igun yàrá. Òun ni Alága fi ń wọn omi káàkiri Ìsàlẹ̀, kò sọ́mọ tí ò mọ̀ ọ́n mọ ọ̀pá yẹn.

Alága jẹ́ ọ̀gá iléèwé nígbà kan. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, aṣọ ẹ̀ kì í rún. Lọ́jọ́ yìí, ojú ẹ̀ ti pọ́n.

"Màdáámù, ẹ jókòó. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ mú ọkùnrin yẹn."

"Sájẹ́ǹtì ló mú un. Èmi ò tíì mú ẹnì kankan."

"Ṣé ẹnu ara ẹ̀ kọ́ ló fi sọ ọ́ ni?"

"Èmi náà fẹnu ara mi sọ lóṣù tó kọjá pé màá pa ọkọ mi. Ó wà nílé báyìí, ó ń jẹun."

Alága rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó tètè pa ẹnu dé.

"Ó jọ pé ẹ fẹ́ kí wọ́n kúrò ní Ìsàlẹ̀ gan-an ni, Alága."

"Ẹ jẹ́ n sọ fún yín. Lọ́dún tó kọjá, omi gbé ọmọ iléèwé kan lọ níbẹ̀. Èmi ni mo mú bàtà ẹ̀ lọ fún ìyá ẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bẹ wọ́n, ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pè mí ní Ọ̀pá Irin. Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù, Màdáámù. Èmi ń wo iwájú. Àwọn ń wo ẹ̀yìn."

"Níbo lẹ wà bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ lónìí?"

"Ilé mi ni, ẹ̀gbẹ́ ibí. Ìyá mi wà níbẹ̀, wọ́n lè jẹ́rìí."

"Ẹ̀yin àti Màmá lẹ jọ ń gbé?"

"Rárá. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Wọ́n... wọ́n kàn wá kí mi ni."

"Á dáa kí n kí wọn."

"Wọ́n ń sinmi, Mà. Ikọ́ ń yọ wọ́n lẹ́nu."

Má-kánjú dìde. Ó gbé ọ̀pá irin náà bí ẹni ń ṣeré, ó wo ìdí ẹ̀, ó gbé e pa dà sáyè ẹ̀. Ó dúpẹ́, ó jáde.

Màmá Alága ò sinmi rárá. Ẹ̀yìnkùlé ló jókòó sí lórí àpótí, ó ń bínú. Ó fi àkísà so ẹsẹ̀ adìẹ ẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ àga, adìẹ náà ń bínú bíi tiẹ̀.

"Ọlọ́pàá, ọmọ mi, Ọlọ́run ló rán ẹ. Wá gbà mí lọ́wọ́ ọmọ tí mo bí."

"Ẹ kú àárọ̀, Mà. Kí ló ṣe fún yín?"

"Ó jí mi gbé ni! Ó ti ń bẹ̀ mí ọjọ́ ti pẹ́ pé kí n wá gbé lórí òkè, mo ní ẹsẹ̀ mi kọ́, ibi tí mo sin ọkọ mi sí ni mo wà. Yóò bẹ̀ mí, n ó kọ̀, a ó jẹun, á lọ. Lánàá tó dé, kò bẹ̀ mí mọ́. Ó kàn gbé mi sínú mọ́tò bí ẹní gbé àpò sìmẹ́ǹtì. Ó gbé ibùsùn mi. Ó yọ fọ́tò bàbá ẹ̀ lára ògiri. Èyí tó tiẹ̀ dùn mí jù, ó lé adìẹ káàkiri àgbàlá, ó mú gbogbo wọn pátá. Alága! Ẹni tí ò ru garawa omi látọjọ́ tó ti di ọ̀gá!" Ó bú sẹ́rìn-ín láàárín ìbínú. "Ká ní o rí i, ìyẹ́ adìẹ kún orí ẹ̀."

"Kí ló ní ó fà á?"

"Ó ní atẹ́gùn máa fẹ́, ikọ́ mi á le. Ikọ́ wo? Ìwọ, látìgbà tó o ti dúró níbẹ̀ yìí, ṣé mo wúkọ́?"

"Ẹ ò wúkọ́, Mà. Láàárọ̀ ńkọ́, ṣé ó wà nílé bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́?"

"Níbo? Ó ti mú ọ̀pá ẹ̀ jáde kí n tó kírun tán. Ìgbà wo lòun ò jáde lọ wọn omi?" Lójijì ojú ìyá náà yí. "Wọ́n ní omi wọlé. Ṣé ó dé ilé mi?"

"Ó dé ojú fèrèsé yín, Mà."

Ìyá náà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Háà! Ọlọ́run ló lo ọmọ mi nígbà náà! Ọlọ́run ló fi hàn án!"

Má-kánjú wo adìẹ. Ìyẹ́ wọn gbẹ, ó ń dán. Ó tún aṣọ ọrùn ìyá náà ṣe fún un, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìsàlẹ̀.

Ní Ìsàlẹ̀, ìyá kan ń fún bùláńkẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ọmọ ẹ̀, wọ́n lọ́ ọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ bí okùn. Gbogbo odi ilé ni wọ́n sá tìmùtìmù àti aṣọ iléèwé sí. Òkú adìẹ wà nínú gọ́tà. Arúgbó kan tó rọ lẹ́sẹ̀ jókòó sórí tábìlì tí wọ́n gbé e sí láàárọ̀, kò tíì sẹ́ni tó ráyè gbé e sọ̀. Ilé kan ṣoṣo ni wọn ò ti sá nǹkan kan, torí pé kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ tó tutù ju ògiri lọ. Lára ògiri náà, ibi tí wọ́n ti yọ fọ́tò ṣì funfun.

Má-kánjú dúró wò ó títí. Ó wá wọ bàtà ẹ̀.

Gbọ̀ngàn orí òkè ni wọ́n ti ṣèpàdé, torí omi ṣì wà nínú iléèwé. Èèyàn kún débi pé àwọn kan dúró síta. Òṣìṣẹ́ ìjọba jókòó sẹ́yìn tábìlì, ó ti ṣí ìńkì sílẹ̀. Alága dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó fi ọ̀pá irin ẹ̀ tilẹ̀.

"Ẹ ti fojú ara yín rí i," ó ń wí. "Mi ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ wá tẹ̀ka, kẹ́ ẹ gba kọ́kọ́rọ́, kẹ́ ẹ sùn níbi tó gbẹ."

Àwọn èèyàn ti ń tò. Ẹni tó wà níwájú ti na àtàǹpàkò ẹ̀ nígbà tí Má-kánjú gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Sájẹ́ǹtì tẹ̀ lé e, Kanọkọ̀ tẹ̀ lé Sájẹ́ǹtì, kò sí ṣẹkẹṣẹkẹ lọ́wọ́ ẹ̀. Ariwo sọ.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ tú u sílẹ̀?" Alága bèèrè.

"Torí òòlù igi ò lè dá àpá sí irin lára." Má-kánjú tú áńkáṣíìfù, ó gbé irin pélébé náà sórí tábìlì. "Irin tó ń há wíìlì géètì nìyí. Ẹni tó gbá a yọ, irin ló fi gbá a. Ẹ wò ó bó ṣe jin sínú. Òòlù Bàbá Kanọkọ̀ ò ní nǹkan kan lára ju ọ̀dà dúdú àti òwú lọ. Èyí tó wà lára irin yìí, ọ̀dà pupa ni. Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọ̀pá yín wá."

Gbogbo ojú yí sí ọ̀pá náà. Alága ò gbé e wá. Sájẹ́ǹtì ló lọ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ó yí i sókè. Ìdí ẹ̀ ti tẹ̀ wọnú, ọ̀dà ti ṣí lára ẹ̀.

"Ibi gbogbo ni mò ń fi ọ̀pá yìí gún," Alága wí. "Òkúta ń bẹ káàkiri."

"Òótọ́ ni. Mo tiẹ̀ lè gbà bẹ́ẹ̀, tí kì í bá ṣe ti géètì. Díẹ̀ ni wọ́n ṣí i. Ẹni tó fẹ́ gbẹ̀san á ṣí i pátá. Ẹni tó ṣí i yìí ò fẹ́ pa èèyàn. Ó fẹ́ kí omi dé kókósẹ̀ ni, kí ẹ̀rù ba àwọn èèyàn kí wọ́n tó wá síbi ìpàdé. Ta ni ẹ̀rù wọn máa ṣe lóore? Kì í ṣe Bàbá Kanọkọ̀. Ọkọ̀ ọmọ ẹ̀ ti fọ́ mọ́ ògiri. Ìyẹn náà, ẹ lè ní orí ló bà á jẹ́ fún un. Kò burú. Ẹ wá jẹ́ kí n bi Alága ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Kí ló dé tó jẹ́ àná lẹ gbé Màmá?"

Ẹni tó wà níwájú fa àtàǹpàkò ẹ̀ sẹ́yìn.

"Ìyá mi ń wúkọ́," Alága wí.

"Mi ò wúkọ́!"

Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni ohùn náà ti wá. Àwọn èèyàn yà, wọ́n rí ìyá náà tó fọwọ́ ti ògiri.

Má-kánjú rẹ ohùn ẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ ti ń bẹ wọ́n ọjọ́ ti pẹ́, wọn ò gbà, ẹ ò sì fi tipá mú wọn. Àná lẹ gbé wọn. Ẹ gbé ibùsùn, ẹ gbé fọ́tò bàbá yín, ẹ lé adìẹ. Èèyàn kì í lé adìẹ káàkiri nítorí ikọ́, Alága. Gbogbo adìẹ tó wà ní Ìsàlẹ̀ ló wà nínú gọ́tà, àfi tìyá yín. Ẹni tó mọ̀ pé omi ń bọ̀ ló mọ̀ pé adìẹ máa kú. Ẹ ní bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ ẹ wà nílé. Màmá ní ẹ ti mú ọ̀pá jáde."

Alága wo ìyá ẹ̀. Ó bọ́ gíláàsì ojú ẹ̀, ó nu ún, kò wọ̀ ọ́ pa dà.

"Kókósẹ̀ ni," ó ní. "Mo búra, kókósẹ̀ ni mo rò pé ó máa dé. Mi ò ro atẹ́gùn mọ́ ọn. Bí mo ṣe yí wíìlì díẹ̀ ni omi ti há géètì mọ́bẹ̀, kò yí mọ́. Onígéètì ti lọ bọ́jú nísàlẹ̀, ó dé bá mi. Ó di apá mi mú, ó ń pariwo 'Ọ̀gá, kí lẹ̀ ń ṣe?' Ilẹ̀ yọ̀ lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Mi ò fọwọ́ kàn án. Mo gbìyànjú láti ti géètì pa dà, agbára mi ò ká a."

"Ẹ wá sá lọ," Má-kánjú wí.

"Mo sá lọ."

"Nígbà tí wọ́n mú Bàbá Kanọkọ̀ ńkọ́?"

"Mo ní tí wọ́n bá ti tẹ̀ka tán... tí wọ́n bá ti kúrò níbẹ̀, màá sọ ọ́. Kí wọ́n kàn kọ́kọ́ kúrò níbẹ̀." Ó yíjú sí àwọn èèyàn. "Ẹ̀yin ò mú bàtà ọmọ lọ fún ìyá ẹ̀ rí! Òkun ń bọ̀! Ṣé irọ́ ni mo pa?"

"Ẹ ò parọ́. Òkun ń bọ̀. Ṣùgbọ́n òwe yín ń dùn mí látàárọ̀. Ẹni tó da omi síwájú ara ẹ̀ ni wọ́n ní á tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ̀yin, ibùsùn àwọn ẹlòmíì lẹ da tiyín sí."

Màmá ti rìn dé iwájú. Kò lo ọ̀pá, ọwọ́ àwọn èèyàn ló ń dì mú lọ́tùn-ún lósì. Ó dúró níwájú ọmọ ẹ̀, ó gbé ojú sókè wò ó, torí ọmọ náà ga jù ú lọ.

"Mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run látàárọ̀ nítorí ẹ," ó ní. "O gbé ìyá tìẹ. Àwọn tó kù, ṣé wọn kì í ṣe ìyá ẹnì kankan ni?"

Alága fúnra ẹ̀ ló na ọwọ́ méjèèjì sí Sájẹ́ǹtì, Sájẹ́ǹtì náà ò mọ ibi tó máa wò bó ṣe ń fi ṣẹkẹṣẹkẹ sí i.

Òṣìṣẹ́ ìjọba wúkọ́ sí ọwọ́. "Ẹ̀yin èèyàn, ìńkì ṣì wà nílẹ̀ o. Kí lẹ wí?"

Kanọkọ̀ ni wọ́n yíjú sí. Bàbá náà wo ọwọ́ ẹ̀ tí ṣẹkẹṣẹkẹ ti dá àpá sí.

"Èmi náà ò fọ́jú," ó ní. "Mo rí òkun. Bóyá a máa lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣì ń gbọ̀n kì í tẹ̀ka. Ẹ jẹ́ kí aṣọ wa gbẹ ná. Ẹ wá jókòó tì wá, kẹ́ ẹ bi wá léèrè ibi tí a ó máa so ọkọ̀ mọ́, ibi tí a ó ti máa kàn án, ẹni tó máa gbé àwọn arọ wa gun òkè. Tí a bá máa lọ, ẹsẹ̀ wa la ó fi rìn lọ. A kì í ṣe eku tí wọ́n ń fi omi lé nínú ihò."

"Ilé lè di ti ẹlòmíì," òṣìṣẹ́ náà wí.

"Ẹ lọ sọ fún ẹni tó rán yín ohun tí wọ́n fẹ́ fi gba ìka àwọn èèyàn yìí lónìí," Má-kánjú dá sí i, "kí n má bàa bá yín kọ ọ́ ránṣẹ́. Wọ́n ní mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà kúkúrú."

Òṣìṣẹ́ ìjọba ronú sí i. Ó mú ìdérí ìńkì, ó pa á dé.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ìròyìn dé láti ọsibítù pé Onígéètì ti lajú. Ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni tíì ẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní fúláàsì ti fọ́, àfi kó dìde lọ ra òmíràn. Ohun kejì tó sọ ni pé kí wọ́n dá òòlù Kanọkọ̀ pa dà fún un, òun yá a ni.

Má-kánjú ń dúró de ọkọ̀ ojú omi tó máa gbé e lọ nígbà tó rí Màmá tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ẹsẹ̀ kan, ìsinmi, ẹsẹ̀ kan. Ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀ tó gbé agbọ̀n adìẹ lórí ni Kanọkọ̀. Wọ́n ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi dé ibi tí ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

Kanọkọ̀ dúró. "Màmá, ẹ jẹ́ ká fi àwọn adìẹ yìí sílẹ̀ lókè di ọ̀la. Ibí ò tíì gbẹ."

Ìyá náà ò wẹ̀yìn. Ó ká ìró ẹ̀ sókè, ó ki ẹsẹ̀ bọ inú omi.

"Gbé wọn sọ̀," ó ní. "Kí ẹsẹ̀ tiwọn náà tutù."